Egbò Inú Ẹnu: Bí a ṣe ń mọ irú rẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nílé, àti ìgbà tó yẹ ká gba ilé ìwòsàn lọ

Ní ilẹ̀ Benin, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu, títí kan Sábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé oògùn tí kò bá ta kò ṣiṣẹ́. Egbò á yọ sínú ètè, wọ́n á ní ká fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Á ta, omijé á bọ́, ẹni tó wà nítòsí á ní, "Ó ti ń gbà á nìyẹn." Ẹlòmíì á gbá sódábì (ògógóró) sẹ́nu, á pa ẹnu dé títí ẹnu á fi kú. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, egbò kékeré ti fẹ̀, ètè ti wú.

Títa kì í ṣe wíwò. Awọ inú ẹnu rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ó máa ń tètè jinná fúnra rẹ̀ bí a bá jẹ́ kó sinmi. Iṣẹ́ tiwa kò ju pé ká mọ irú egbò tó jẹ́, ká mú ohun tó ń họ ọ́ kúrò, ká dín ìrora kù, ká sì máa ka ọjọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí egbò náà, ẹ sàmì sí i lára kàlẹ́ńdà ògiri kí ẹ tó wá oògùn rárá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wò ó dáadáa

Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ dúró síwájú dígí, ẹ tan iná fóònù, ẹ fi ìdí síbí tó mọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo inú ètè òkè àti tìsàlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, erìgì, àjà ẹnu àti abẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ahọ́n síta, ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í mú, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí dé ẹ̀yìn. Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń fò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ wà lára ibi tí jẹjẹrẹ ẹnu ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Egbò tó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè ní "aphte". Ó rí róbótó tàbí kó gùn díẹ̀, àárín rẹ̀ funfun tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè, etí rẹ̀ pupa yí i ká. Kì í sábà tó sẹ̀ǹtímítà kan. Inú ètè, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ahọ́n ló máa ń yọ sí. Ojú ibẹ̀ lè kọ́kọ́ máa yún tàbí kó máa ta díẹ̀ kó tó di pé ó là. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń dunni jù, lẹ́yìn náà ìrora á máa lọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jinná láàárín ọjọ́ 7 sí 14 láìfi àpá sílẹ̀. Kì í ràn. Kò sídìí láti ya ife àti síbí ẹni tó ní in sọ́tọ̀.

Irú rẹ̀ kan wà tó máa ń ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tó jìn, tó lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tó sì máa ń fi àpá sílẹ̀. Ìyẹn kọjá ohun tí a ń fi omi iyọ̀ wò nílé.

Àwọn mìíràn wà tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Bó bá jẹ́ ìléròrò wẹ́wẹ́ tó kún fún omi ló yọ sí ètè níta, tó bẹ́, tó sì sé èépá, kòkòrò herpes ló fà á. Èyí ń ràn. Ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ fẹnu ko ọmọ ọwọ́ lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ bá ènìyàn lo ife tàbí tówẹ́ẹ̀lì kan náà títí yóò fi gbẹ. Bó bá jẹ́ ohun funfun bíi wàgásì (wàrà líle àwọn Fúlàní) tí a rún ló bo ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, tí ẹ nù ún tí abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n, àrùn olú ni, ìyẹn èyí tí ohun wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ẹ̀yà olú ń fà, oògùn olú sì ni nọ́ọ̀sì máa fún un. Àgbàlagbà tí irú rẹ̀ bá bò lẹ́nu, tí kò sì tíì lo oògùn ikọ́ fée onífífà tàbí oògùn apakòkòrò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kó lọ ṣàyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ti sídà. Kì í ṣe pé mo ń dẹ́rù bani. Àìsàn méjèèjì ló ní oògùn, èyí tí a bá tètè mọ̀ ló sì rọrùn láti bá jà.

Ti igun ẹnu tó ń là ńkọ́? Itọ́ tó ń dúró síbẹ̀, olú, tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Òrí dára fún un torí pé ìta ló wà. Nínú ẹnu, itọ́ á ti gbá òrí lọ kó tó ṣe ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ohun tó fà á

Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ méjì mẹ́ta sẹ́yìn. Èèpo búrẹ́dì gígùn tí a ń jẹ láàárọ̀, bó bá gan, ó ń họ àjà ẹnu. Kúlíkúlí líle àti gaàrí gbígbẹ tí a bù sẹ́nu ń ṣe bákan náà. Ní Sábẹ̀ẹ́ tí ìrèké ti pọ̀ nítorí ilé iṣẹ́ ṣúgà, àwọn ọmọ ń fi eyín bó èèpo rẹ̀, ó sì ń gé wọn lérìgì. Egungun ẹja ọ̀sà ni ti àwọn ará Àjàṣẹ́. Òkèlè iyán tí a fi ọbẹ̀ tó ṣì ń hó gbé mì ń jó àjà ẹnu, àwọn tó bá sì ń jẹun tí wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ ń bu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn jẹ. Irú egbò báwọ̀nyí kò béèrè oògùn kankan ju pé kí ohun tó dá a sílẹ̀ má tún débẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta kpayo, ìyẹn ẹ̀sáǹsì (epo bẹntiróòlù) fàyàwọ́, lẹ́bàá ọ̀nà yàtọ̀. Wọ́n máa ń fi ẹnu fa ẹ̀sáǹsì nínú ọ̀pá rọ́bà kó lè ṣàn látinú bídọ́ọ̀nù. Ẹ̀sáǹsì ń bó awọ ẹnu, díẹ̀ tó bá sì gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Kò sí oògùn egbò ẹnu tó lè ṣe ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láǹfààní bí kò bá yí ọwọ́ padà: ọ̀pá ìfami tí a ń fọwọ́ tẹ̀ wà lọ́jà, àrọ náà wà. Bí ó bá ṣèèṣì gbé e mì, ẹ má fipá mú un bì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí wàrà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún wo eyín. Bí egbò bá jẹ́ ojú kan náà ló ń wà ní gbogbo ìgbà, ẹ wo eyín tó kọjú sí i: eyín tó ṣẹ́ tí etí rẹ̀ mú, tàbí eyín àtọwọ́dá tí kò jókòó dáadáa, ni yóò jẹ́. Dókítà eyín lè rin eyín tó mú náà kó dán. Ṣùgbọ́n bí egbò náà bá ti pẹ́, ẹ má fi eyín ṣe àwáwí láti má jẹ́ kí dókítà wò ó.

Oògùn pàápàá lè dá egbò sílẹ̀. Àwọn kan á fi aspirin sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín tó ń dùn wọ́n, wọ́n á jẹ́ kó yọ́ síbẹ̀. Ásíìdì ni, ṣe ló ń jó erìgì. Ibuprofen àti diclofenac tí a gbé mì pàápàá lè mú egbò ẹnu wá lára àwọn kan, oògùn methotrexate, tí a ń lò fún oríkèé ríro àti jẹjẹrẹ, náà sì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí dókítà kọ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ padà lọ sọ fún un.

Ọṣẹ ìfọyín tó ń hó púpọ̀ máa ń dá àwọn kan lẹ́nu rú. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀: bí ẹ bá rí "sodium lauryl sulfate", tí egbò sì ń yọ léraléra, ẹ gbìyànjú èyí tí kò ní in fún oṣù méjì, kí ẹ wo bó ṣe rí.

Ìyókù wá látinú ara: àìsùn, ìrònú, nǹkan oṣù obìnrin, àìtó ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń wọ́pọ̀ nínú ẹbí kan náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sìgá tì náà lè rí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò yẹ kó torí ẹ̀ padà sídìí sìgá, yóò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tù ú lára

Omi iyọ̀ ni mo fi ṣáájú, nítorí kò gbówó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìdajì síbí kékeré iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ rò ó kó yòrò tán. Ẹ gbá a sẹ́nu fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ máa fi ṣan ẹnu, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan àti kí ẹ tó sùn. Bó bá ta púpọ̀, iyọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ bu omi sí i. Ẹ má ṣe bu iyọ̀ gbígbẹ lé ojú egbò.

Ẹni tí iyọ̀ kò bá bá lára mu lè fi bikabọnáàtì rọ́pò rẹ̀, ìwọ̀n kan náà. Bikabọnáàtì ti fámásì ni mo ń wí o. Káún tí a fi ń se ẹ̀wà kì í ṣe òun, ó le ju èyí tí ojú egbò lè gbà lọ.

Oyin ògidì díẹ̀ tí a fi ìka mímọ́ tọ́ sójú egbò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ máa ń bo ibẹ̀, ó sì ń dẹ ìrora lọ́rùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò rárá, kódà bó ṣe ìkán kan. Tí ẹ bá lò ó lálẹ́, ẹ fọ eyín kí ẹ tó sùn. Ewé gúáfà tí àwọn ìyá wa ń sè kò burú: ẹ fọ ewé náà, ẹ sè é kó hó dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ fi ṣan ẹnu, kí ẹ sì tu ú dànù.

Bí ìrora kò bá jẹ́ kí ẹ jẹun, paracetamol tó. Àgbàlagbà lè lo 500 mg sí 1 g ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kò gbọdọ̀ kọjá 4 g lójúmọ́. Ti ọmọdé, ìwọ̀n ara la fi ń ṣírò rẹ̀: 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré láàárín wákàtí 24. Ọmọ tó wọn kílò 10 á gba 150 mg lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin.

Ní fámásì, ẹ lè béèrè omi ìṣanu chlorhexidine, 0.2%. Mílílítà 10, lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá fọ eyín kí ẹ tó lò ó, torí ọṣẹ ìfọyín ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá lò ó pẹ́ tí ẹ sì ń mu tíì tàbí kọfí, eyín á dúdú díẹ̀. Dókítà eyín lè fọ ìyẹn kúrò. Ọmọ tí kò tíì mọ omi tu dànù kò gbọdọ̀ lò ó. Oògùn kíki kan tún wà tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò lálẹ́, tó ní cortisone, oògùn tó ń dín wíwú kù, nínú. Ó dára, ní pàtàkì bí a bá tètè fi í sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ kí dókítà tàbí oníṣẹ́ fámásì ti rí egbò náà, nítorí bó bá jẹ́ herpes tàbí olú, ṣe ló máa fẹjú sí i.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sí i

Ọsàn wẹ́wẹ́, sódábì, álọ́ọ̀mù, eérú, omi bátìrì, ẹ̀sáǹsì. Gbogbo wọn ló ń jó ẹran tútù tó fẹ́ máa hù bọ̀. Omi bátìrì tí àwọn kan ń fi pa eyín ríro lè jó ọ̀nà ọ̀fun títí lọ dé ikùn.

Èyí tó tún ń bà mí nínú jẹ́ ni kápúsù tí wọ́n ń tú, tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. "Aphte" kì í ṣe àrùn tí oògùn apakòkòrò ń wò. Bó bá jẹ́ tetracycline ló wà nínú rẹ̀, ó ń sọ eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ di aláwọ̀ ilẹ̀ títí ayé, irú kápúsù bẹ́ẹ̀ sì wọ́pọ̀ lórí igbá àwọn tó ń kiri. Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an? Ní 2017 ni ìjọba kọlu ọjà Adjégounlè ní Kútọnu tí wọ́n sì kó oògùn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbá oògùn kò tíì kúrò lójú títì. Fámásì ni kí ẹ lọ. Bówó bá ń yọ yín lẹ́nu, omi iyọ̀ kò ju sẹ́fà díẹ̀ lọ.

Jíjẹ àti mímu títí yóò fi jinná

Ẹ̀kọ tútù, ògì tí kò gbóná, iyán rírọ̀ tí ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹ̀wà tó jinná dénú, ẹyin, wàgásì tí a kò dín. Ata ni kí ẹ dín kù. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún agbo ilé kò ní torí ètè ẹnìkan se ọbẹ̀ aláìláta. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bu tiyín sílẹ̀ kó tó da ata sí i. Ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn àti tòmátì tútù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ sì lè fi ọ̀pá ìfàmu fà á kó má kan egbò.

Ẹ má torí ìrora fi eyín sílẹ̀ láìfọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹni tó jẹ́ pé pákò ló ń lò, kó rún orí pákò náà kó rọ̀ dáadáa kó tó fi kan eyín, kó sì fi orín àta sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ nítorí títa rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dìde lọ

Ẹ wo kàlẹ́ńdà yín. Egbò tí kò bá jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà ló gbọ́dọ̀ rí i, bó ti wù kó kéré mọ. Èyí tí kò dunni rárá ni kí ẹ bẹ̀rù jù: egbò tó le lábẹ́ ìka, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n tàbí lábẹ́ rẹ̀, tàbí kókó tó yọ sọ́rùn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń fa sìgá, tó ń fi áṣáà sẹ́nu, tàbí tó ń mu sódábì lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dúró rárá. Jẹjẹrẹ ẹnu tí a tètè rí ṣe é gé kúrò. Ìrora tó máa ń lé ènìyàn lọ sílé ìwòsàn máa ń pẹ́ dé.

Fún ọmọdé, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tí ibà mú, tí erìgì rẹ̀ wú, tí egbò wẹ́wẹ́ kún ẹnu rẹ̀, tí itọ́ ń dà, kòkòrò àrùn ló sábà máa ń fà á, yóò sì lọ fúnra rẹ̀ ní bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ewu rẹ̀ ni pé ọmọ á kọ omi. Bí kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, tó ń sunkún láìsí omijé, tàbí tí àwújẹ rẹ̀ jìn, ẹ gbé e lọ lónìí.

Ẹ gbọ́ ti àrùn tí wọ́n ń pè ní noma. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi, ni ó sábà máa ń mú. Erìgì ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ó ń ṣẹ̀jẹ̀, egbò yọ síbẹ̀, ẹnu ń rùn burúkú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, àrùn náà á sì máa jẹ ojú ọmọ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kò bá tọ́jú ló ń kú, àwọn tó yè sì ń gbé ojú tó bàjẹ́ kiri. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn apakòkòrò lásán, oúnjẹ tó dára àti fífọ ẹnu lè dá a dúró bí ó bá ṣì wà ní erìgì. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Òórùn burúkú pẹ̀lú erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọmọ tó rù: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò yín. Ní Àjàṣẹ́, CHUD ni ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn ará Kétu ní ilé ìwòsàn agbègbè ní Pobẹ̀, Sábẹ̀ẹ́ sì ní tirẹ̀ nínú ìlú.

Bí egbò bá ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọọdún, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NFS, kí wọ́n sì wo iron, fólíìkì àti fítámì B12. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja àti ẹyin ń fún ara ní B12 àti iron, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tútù ń fún un ní fólíìkì. Ẹni tí kò jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà rárá ni B12 máa ń wọ́n lára rẹ̀ jù. Ẹ mú kàlẹ́ńdà yín dání lọ: ọjọ́ tó yọ, ọjọ́ tó jinná, ibi tó wà, oògùn tí ẹ ń lò, àti bóyá ìgbẹ́ gbuuru, ojú pípọ́n tàbí egbò lójú ara ń bá a rìn. Bí ìkankan nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí bá wà, ẹ sọ ọ́ kí dókítà tó béèrè, torí ọ̀nà tó máa gbà wá àrùn náà á yàtọ̀.